Ọ̀rọ̀ “and” nínú lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ẹ̀yin tíṣà àti òǹkọ̀wé Òṣogbo, ẹ dá sí i

Tíṣà Alẹ́kúwodò

Ẹ̀yin ará Òròkí, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Lẹ́sìn alẹ́ ni mo ń ṣe fún àwọn ọmọ tó ń múra WAEC àti NECO sílẹ̀ ní Alẹ́kúwodò níbí. Ọ̀kan nínú wọn kọ ìtàn kan nípa ọjọ́ ọdún Ọ̀ṣun. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ó fi “And” bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn léraléra nínú ìpínrọ̀ kan ṣoṣo. Tíṣà wọn nílé ìwé fi bírò pupa fàlà sí gbogbo rẹ̀, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé ẹnikẹ́ni kì í fi “And” bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Ọmọ yìí kò bá a jiyàn. Ó kàn gbé Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ìyá rẹ̀ wá bá mi, ó ṣí i sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó ní, “Sà, àwọn tó kọ eléyìí ńkọ́?”

Mo ti fún un lésì tèmi, àmọ́ mo fẹ́ gbọ́ tiyín. Kí lẹ máa ń sọ fún ọmọ nípa “and” nínú lítíréṣọ̀? Kì í ṣe ti gírámà nìkan o. Mo fẹ́ kí wọ́n máa rí i bí wọ́n bá ń kàwé, kí wọ́n lè kọ nǹkan gidi nípa rẹ̀ nínú ìdánwò, kí àwọn tí ìtàn kíkọ wà lọ́kàn wọn sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n lò ó.

Ìyá Ìbejì Òkè-Báálẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, Tíṣà. Ọmọ pírámárì lèmi ń kọ́, torí náà ẹ jẹ́ n bá tíṣà oníbírò pupa yẹn rojọ́ díẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ kíláàsì kẹta kọ ohun tó ṣe lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó rí i: ó jí and ó fọ ẹnu and ó bá màmá rẹ̀ lọ sọ́jà and wọ́n ra ẹja and ẹja náà bọ́ sílẹ̀ and... Kò sí òpin. “Má fi And bẹ̀rẹ̀” la fi ń dá wọn dúró, kí wọ́n lè kọ́ “because” àti “although” àti “when”. Àwa kì í kàn padà sọ fún wọn ní sẹ́kọ́ńdìrì pé òfin yẹn ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Ọ̀gá Fẹ̀yìntì

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun, ẹ ti là á. Òfin kíláàsì ni, kì í ṣe òfin èdè. Ṣáájú kí àwọn ará Normandy tó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066 làwọn tó ń kọ ìtàn ọdọọdún wọn sílẹ̀ ti ń fi “and” bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Ewì William Blake tí wọ́n fi ṣe orin, tí Hubert Parry kọ ohùn orin rẹ̀ ní 1916, “And” gan-an ni ọ̀rọ̀ tó fi ṣílẹ̀kùn. Kò tíì sọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀, ó ti ń sopọ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn wọlé bá yín tó ń parí gbólóhùn tó ti ń bá ara rẹ̀ sọ bọ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí Bíbélì ìyá ọmọ yẹn. Bó bá jẹ́ King James ti ọdún 1611 ni, orí kìíní Jẹ́nẹ́sísì ní ẹsẹ 31. Ẹ ní kí àwọn ọmọ kà á. “And” ló bẹ̀rẹ̀ 29 nínú wọn. Ẹsẹ kìíní àti ẹsẹ 27 nìkan ló yàtọ̀. Èdè Hébérù ló fà á: lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú ọ̀rọ̀ láti fi so ìṣẹ̀lẹ̀ mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀, àwọn atúmọ̀ ayé ọba James sì gbé e sí “and” fẹ́rẹ̀ẹ́ níbi gbogbo. Nínú Bíbélì Yorùbá tiwa, “sì” ló gba iṣẹ́ náà: “Ọlọ́run sì wí pé, Kí ìmọ́lẹ̀ kí ó wà: ìmọ́lẹ̀ sì wà.”

Ohun tó ṣe pàtàkì fún ọmọ lítíréṣọ̀ ni ohun tí “and” kò sọ. Kò sọ pé “nítorí náà”. Kò sọ pé “lẹ́yìn wákàtí díẹ̀”. Kò sọ èyí tó tóbi ju èkejì lọ. Ó to nǹkan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó bá tirẹ̀ lọ. Òǹkàwé ni yóò wò ó pé kí ló fa kí. Gbogbo ọgbọ́n tí àwọn òǹkọ̀wé ń fi “and” dá, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀.

Àwọn ọmọ máa ń fẹ́ orúkọ, torí náà ẹ fún wọn. Bí wọ́n bá kó “and” lé ara wọn níbi tí kọ́mà ì bá ti tó, polysyndeton ni. Bí wọ́n bá yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, asyndeton ni, bíi ti Julius Caesar tó ní òun dé, òun rí, òun ṣẹ́gun. Ìwé Charles Dickens ti 1859 nípa ìlú Lọ́ńdọ́nù àti Párísì bẹ̀rẹ̀ báyẹn náà, kọ́mà ló kún gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ fọ́fọ́.

Ọmọ Yunifásítì

Ẹ ṣé gan-an sà. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè tèmi kúrú. Mo ń ran àbúrò mi lọ́wọ́. Tí wọ́n bá bi í nínú ìdánwò, tó kọ “polysyndeton” sílẹ̀, ṣé ó ti gba máàkì nìyẹn?

Ọ̀gá Fẹ̀yìntì

Rárá o. Orúkọ nìyẹn, kì í ṣe ìdáhùn. Mo rí i púpọ̀ nígbà tí mo ń kọ́ni: ọmọ á da orúkọ ọnà èdè mẹ́fà sílẹ̀, á ní “it makes the poem interesting”. Kò sọ nǹkan kan. Kó tọ́ka sí ìlà náà, kó sọ ohun tí “and” ń ṣe NÍBẸ̀, nínú ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, lásìkò tó ń sọ ọ́.

Ẹ mú Macbeth, eré Shakespeare, ìran karùn-ún ìpele karùn-ún. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ kú. Ó ní “Tomorrow, and tomorrow, and tomorrow”. Ẹ ní kí ọmọ fọwọ́ lu tábìlì bó ṣe ń kà á, ìlù ìlà Shakespeare: ọ̀kan rọ̀, ọ̀kan le. to-MOR-row-AND-to-MOR-row-AND-to-MOR-row. Ṣé ẹ rí i? Lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́, “and” kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dún, wọ́n máa ń gbé e mì ni. Níhìn-ín, orí rẹ̀ gan-an ni ìlù bọ́ sí. Ó wúwo. Ọ̀la kan lọ, òmíràn dé, kò sí ohun tó yàtọ̀ láàárín wọn, ọkùnrin náà sì ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ láti orí ọ̀kan sí orí èkejì. Bí wọ́n bá yọ “and” méjèèjì, ìkánjú ló máa jọ. Ọmọ tó bá kọ ìyẹn, kódà tó gbàgbé orúkọ Gíríkì yẹn, màá fún un ní máàkì.

Atẹ̀wé Ọjà Ọba

Ẹ jẹ́ n já lu ọ̀rọ̀ díẹ̀. Káàdì ìgbéyàwó la ń tẹ̀ jù nídìí iṣẹ́ tiwa, kò sì sí èyí tí “&” kì í sí láàárín orúkọ ọkọ àti ìyàwó. Àwọn oníbàárà kan á ní àmì wo nìyẹn. “Et” ti èdè Látìnì ni, E àti T tí wọ́n kọ pa pọ̀. Nígbà kan, àwọn ọmọ ilé ìwé Gẹ̀ẹ́sì máa ń kà á mọ́ ABD wọn, lẹ́yìn Z. Wọ́n á ní “and per se and”, ìyẹn ni pé “and, tó dá dúró fúnra rẹ̀, and”. Ìkánjú ẹnu àwọn ọmọ ló sọ ọ́ di “ampersand”. Akéwì E. E. Cummings fi àmì yẹn nìkan ṣe àkọlé ìwé ewì rẹ̀ ní 1925. Ó tán, mo padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Tíṣà Alẹ́kúwodò

Atẹ̀wé, ẹ ò ní pa wá o 😂. Àwọn ọmọ máa fẹ́ràn ìyẹn.

Òǹkọ̀wé Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Ọ̀rọ̀ ìtàn kíkọ lèmi fẹ́ bá wọn sọ. Yorùbá ni mo fi ń ronú ìtàn mi, Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì máa ń kọ ọ́ sí jù, torí náà mo ti bá “and” wọ̀yá ìjà dáadáa.

Èdè wa kì í fi “àti” so ìṣe pọ̀ mọ́ ìṣe. “Mo jẹun àti mo sùn” kì í ṣe Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ń sọ ọ́. “Mo jẹun, mo sùn” la ń wí, tàbí “mo sì sùn” bó bá wù wá. “Àti” wà fún Ṣadé àti Bọ́lá, iṣu àti ẹyin. Ìṣe kàn máa ń tẹ̀ lé ìṣe ni. Ẹ wo èyí: “Ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sanwó, ó kọjá títì, ó wọlé.” Kò sí ọ̀rọ̀ àsopọ̀ kankan níbẹ̀, ó sì já gaara. Oríkì tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ki èèyàn kì í wá “àti” kiri, orúkọ ló ń kó lé orúkọ títí orí á fi wú ẹni tó ń kì.

Bí ẹ bá wá gbé gbólóhùn ọlọ́kọ̀ yẹn sí Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà mẹ́ta ló wà, ìtumọ̀ wọn kò sì dọ́gba:

“She got down, paid, crossed the road and went in.” Èyí ni ti gbogbo ayé. “And” kan ṣoṣo lópin, ó ń sọ fún wa pé ó ti tán.

“She got down, paid, crossed the road, went in.” Ara rẹ̀ kò balẹ̀. Bóyá ẹnì kan ń lé e, bóyá ó ti pinnu nǹkan kan kó tó sọ̀ kalẹ̀.

“She got down and paid and crossed the road and went in.” Ó ti rẹ̀ ẹ́. Tàbí kí ó jẹ́ pé ó ń ṣe gbogbo rẹ̀ bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀, bíi lẹ́yìn ìsìnkú.

Obìnrin kan náà ni, títì kan náà. Kí ọmọ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó kà wọ́n sókè, kó wá sọ fún yín obìnrin wo ló wà nínú ìtàn tirẹ̀. Ìdánrawò tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù nìyẹn.

Amos Tutuola ọmọ Abẹ́òkúta ló yẹ kí wọ́n kà tẹ̀ lé e. Ìwé rẹ̀ nípa ọ̀mu tó ń wá adẹ́mu rẹ̀ kiri jáde ní Lọ́ńdọ́nù ní 1952. Gbólóhùn rẹ̀ gùn, “and” àti “but” àti “so” ló ń gbé e lọ bí ẹni tó ń pàlọ́ lábẹ́ òṣùpá tí kò fẹ́ kí ọmọ kankan sùn. Dylan Thomas, akéwì ọmọ Wales, yìn ín. Ọ̀pọ̀ àwọn akàwé ilé níbí bínú, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dójú tì wá. Èmi rò pé etí ni wọn kò fi gbọ́ ọ, ojú ni wọ́n fi kà á.

Aṣòfin Gírámà

Ẹ̀gbọ́n Òǹkọ̀wé, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ẹ̀ ń kó bá àwọn ọmọ o. Ẹni tó ń máàkì WAEC kò ní mọ̀ pé Tutuola ni ọmọ ń tẹ̀ lé. Àìmọ̀kan ló máa pè é. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ òfin ná, kí wọ́n tó máa dá àrà.

Òǹkọ̀wé Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Àbúrò, ẹ kò ṣìnà pátápátá. Lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé tàbí àròkọ alárìíyànjiyàn, kí wọ́n fi “and” mọ níwọ̀n, torí níbẹ̀ ẹni tó ń kà á fẹ́ mọ ohun tó fa nǹkan. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìtàn ni, ẹ má dí wọn lọ́wọ́. Kò nira láti mọ èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe: níbi tí “and” ti pọ̀ nínú ìpínrọ̀ kan, tí ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé e kò sì ní, ọmọ náà mọ ohun tó ń ṣe. Bó bá jẹ́ bákan náà láti òkè délẹ̀, ẹ mú bírò pupa yín.

Ọmọ Yunifásítì

Hemingway, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà yẹn, ńkọ́? Wọ́n máa ń dárúkọ rẹ̀ ní kíláàsì wa nígbàkigbà tí “and” bá ti délẹ̀.

Ọ̀gá Fẹ̀yìntì

Wọ́n jàre. Ìwé rẹ̀ ti 1929, èyí tó kọ nípa ogun àgbáyé kìíní ní Ítálì, “and” ló kún ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀. Ní 1950 ó sọ fún oníròyìn ìwé ìròyìn New Yorker kan pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ń lò ó léraléra níbẹ̀ ni, bí Johann Sebastian Bach ṣe máa ń lo ohùn orin kan.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó fi ṣe. Àwọn ṣọ́jà ń kọjá lójú ọ̀nà, eruku wọn bo ewé igi, ewé sì tètè wọ́ dànù lọ́dún náà. Kò sí “because”. Kò sọ pé àwọn ọmọkùnrin yẹn náà máa tètè wọ́ dànù. Ó to ṣọ́jà àti eruku àti ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó dákẹ́. Ẹni tó ń sọ ìtàn náà kò lè sọ ohun tó ń dùn ún, “and” ló fi ń bò ó. Cormac McCarthy gbà á níbẹ̀, ó sáré lọ. Ìwé rẹ̀ ti 2006 nípa bàbá àti ọmọ tó ń rìn nínú ayé tó ti jóná, kọ́mà ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Wọ́n rìn and wọ́n sinmi and wọ́n rìn. Ara mi kì í gbà á jù ojú ewé díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n má purọ́.

Ìyá Ìbejì Òkè-Báálẹ̀

Gbogbo yín ń ṣọ̀fọ̀. Ṣé “and” kì í pani lẹ́rìn-ín ni?

Ọ̀gá Fẹ̀yìntì

Ó ń pani lẹ́rìn-ín mọ̀nà, Ìyá Ìbejì! Torí pé ó ń sọ pé nǹkan méjì dọ́gba, ẹ lè fi so ohun tí kò dọ́gba pọ̀. Alexander Pope, nínú ewì ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ ti 1714, sọ nípa Ọbabìnrin Anne pé nígbà mìíràn ó máa ń gba ìmọ̀ràn, “and sometimes tea”. Ọ̀rọ̀ ìlú àti tíì, ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ló gbé méjèèjì. Kò bú ọbabìnrin, àmọ́ ẹ̀rín ti bọ́.

Tíṣà Alẹ́kúwodò

Ẹ kú ìmọ̀ o. Ohun kan ṣì kù. Àkọlé ìwé. Àwọn ọmọ mi ka *The Lion and the Jewel* ti Soyinka, wọ́n sì máa ń kọ àkọlé ti ẹlẹ́ṣin ọba yẹn sí “Death OF the King's Horseman”. Mo máa ń tún un ṣe sí “AND”, n kì í ṣàlàyé.

Òǹkọ̀wé Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Ẹ ṣàlàyé o! Ibẹ̀ ni eré náà wà. “Of” á sọ pé ẹlẹ́ṣin kú, ọ̀rọ̀ tán. “And” fi Ikú sọ́tùn-ún, ó fi Ẹlẹ́ṣin sósì, ó ní kí àwọn méjèèjì wo ojú ara wọn. Ẹ sì mọ bó ṣe rí: ìgbà tó yẹ kó kú, kò kú. Olúndé ọmọ rẹ̀ ló kú dípò rẹ̀. Ohun tó wà láàárín Ikú àti Ẹlẹ́ṣin ni Soyinka ń kọ nínú eré náà, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1975. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ ló ti kìlọ̀ kí wọ́n má sọ ọ́ di ìjà àṣà òyìnbó àti tiwa. Ọmọ tó bá kọ “of”, ó ti sọ eré mìíràn.

Ti kìnnìún àti ohun ọ̀ṣọ́ tún dùn sí i. Wọ́n ṣe eré náà ní Ìbàdàn ní 1959, ìwé rẹ̀ jáde ní 1963. Ta ni kìnnìún? Báálẹ̀ Bárókà. Ta ni ohun ọ̀ṣọ́? Sídì. Lákúnlé tó ń dọdẹ Sídì láti ìbẹ̀rẹ̀, tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì sí i létí, tó ní òun kò ní san owó orí ìyàwó, níbo ló wà nínú àkọlé? Kò sí. “And” ti so Bárókà mọ́ Sídì kí aṣọ ìtàgé tó ṣí. Ẹ bi àwọn ọmọ yín ní ìbéèrè yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n tó ka ojú ewé kan.

Aṣòfin Gírámà

Ìyẹn wọ̀ mí lára, mi ò lè purọ́. N kò wò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọ Yunifásítì

Ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi ní kí n bi yín: ṣé kọ́mà máa ń ṣáájú “and” àbí kì í ṣáájú?

Ọ̀gá Fẹ̀yìntì

Bó bá jẹ́ gbólóhùn odindi méjì ló so pọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní olùwà tirẹ̀, kó fi kọ́mà sí i. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì lásán, kó má fi sí i. Bó bá jẹ́ mẹ́ta sókè, bíi ẹja, ata and iyọ̀, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Yunifásítì Oxford máa ń fi kọ́mà sí ṣáájú “and” tó gbẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í fi sí i. Méjèèjì tọ́. Èyí tó bá mú, kó dì í mú títí ìwé ìdánwò á fi parí.

Tíṣà Alẹ́kúwodò

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́sìn Ọjọ́bọ̀, gbólóhùn ọlọ́kọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn la máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní ewì kúkúrú tí “and” pọ̀ nínú rẹ̀, tí kì í ṣe ti ọ̀fọ̀ (Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ yín), kó jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ sí abẹ́ níbí kó tó di Ọjọ́rú.